"Àwọn Yorùbá àti àwọn Èkìtì": kí ni àwọn oníwèé ìròyìn àtijọ́ ń sọ gan-an?

Ìbéèrè náà rèé bó ṣe dé ọwọ́ mi, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ìtàn ni mí ní ilé ìwé girama kan ní agbègbè Ìjerò-Èkìtì. Ọmọ kíláàsì mi kan mú fọ́tòkọ́pì ojú ewé ìwé ìròyìn Èkó kan wá, ìwé àsìkò ogun Kírìjì ni, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni pé ogun wà láàrin àwọn Yorùbá àti àwọn Èkìtì. Látọjọ́ náà ni kíláàsì mi ò ti rójú. Àwọn kan ní ẹ̀rí ti dé pé Èkìtì kì í ṣe Yorùbá, pé òyìnbó ló kàn so wá pọ̀. Mo gbé e lọ sípàdé ọmọ ìlú, tibẹ̀ tún le ju ti kíláàsì lọ, bàbá kan ní irọ́ ni ìwé ìròyìn náà ń pa, pé kí n fa bébà náà ya kó má baà ba àwọn ọmọ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ká gbà gbọ́?"

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, o sì kú àmúmọ́ra. Kí n tètè sọ èyí ná: má fa bébà yẹn ya, tọ́jú ẹ̀ dáadáa, torí ohun tó dára ni ọmọ yẹn mú wá. Mo mọ̀ pé ohun tó ń ká gbogbo yín lára níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ ta ni àwa jẹ́ ni, ó sì yẹ kó ká èèyàn lára lóòótọ́. Àmọ́ ibi tí ìjà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni pé gbogbo yín, àtàwọn ọmọ o, àti bàbá tó ní kó o fa bébà ya o, ẹ ti gbà láìbéèrè pé "Yorùbá" inú bébà yẹn àti "Yorùbá" tí à ń pe ara wa lónìí, ìkan náà ni. Wọn kì í ṣe ìkan náà. Ẹni tó kọ ìròyìn yẹn ò purọ́, kò sì sọ ohun tí àwọn ọmọ ń gbé kiri yẹn náà. Ohun tó ń sọ ni pé ogun wà láàrin àwọn ọmọ Ọ̀yọ́, tí Ìbàdàn ń ṣáájú wọn lójú ogun, àti àwa Èkìtì tí a para pọ̀ mọ́ Ìjẹ̀ṣà. Òótọ́ pọ́ńbélé sì nìyẹn.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń jókòó ti àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ wọ̀nyí, àwọn tó wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àtàwọn tí wọ́n yà sí microfilm ní láíbìrì Kenneth Dike níbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ tí mo sì rí tó ń ṣi àwọn òǹkàwé lọ́nà jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ líle kankan, "Yorùbá" yìí gan-an ni. Ọ̀rọ̀ tó bá le, èèyàn á dúró, á wá ìtumọ̀ ẹ̀. Èyí tá a bá rò pé a mọ̀ tẹ́lẹ̀, a kì í dúró, ńṣe la máa ń kà á kọjá lọ.

Jẹ́ ká lọ síbi tí orúkọ náà ti wá. Àwọn Haúsá àtàwọn tó ń fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé lápá òkè lọ́hùn-ún ti ń lo orúkọ tó jọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé, Ahmad Baba ará Timbuktu ti dárúkọ ẹ̀ nínú ohun tó kọ ní nǹkan bí 1615. Àwọn tí ará òkè lọ́hùn-ún mọ̀ jù lára wa ni àwọn èèyàn Aláàfin, àwọn ni wọ́n jọ ń ṣòwò ẹṣin, àwọn ni wọ́n jọ pààlà, torí náà àwọn ni orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́. Nígbà tí òyìnbó tó ń jẹ́ Clapperton gba Àgbádárìgì wọlé tó sì dé ààfin Ọ̀yọ́ ní 1826, ilẹ̀ Aláàfin ló fi orúkọ tó jọ Yorùbá pè nínú ìwé tó kọ. Lásìkò yẹn Èkìtì ń jẹ́ Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, ìlú tí wọ́n bí kálukú sí sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá mọ̀, wàá gbọ́ ará Ìjerò, ará Ọ̀tùn, ará Adó, kó tó wá kan Èkìtì pàápàá.

Ibi tí nǹkan ti wá yí padà ni Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, Freetown ni wọ́n kó wọn lọ, ibẹ̀ ni ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ìjẹ̀bú ti bára wọn tí wọ́n sì rí i pé àwọn gbọ́ ara àwọn yé. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe gbogbo wọn ni Akú, torí "ẹ kú, ẹ kú" tí kì í kúrò lẹ́nu wọn. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Brazil ń jẹ́ Nagô, àwọn tó wà ní Cuba ń jẹ́ Lucumí. Ṣó o rí i, òkè òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wa, orúkọ náà ò sì tíì jẹ́ Yorùbá. Ajàyí Crowther wá dé. Ọmọ Òṣogùn ni, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ni Òṣogùn, ọdún 1821 ni wọ́n kó ìlú náà lẹ́rú. Nígbà tó wá tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè wa jáde ní 1843, Yorùbá ló pe èdè náà, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀, èdè ilé bàbá ẹ̀ ló ń sọ. Àwọn míṣọ́nnárì CMS, ìyẹn Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ̀n ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé orúkọ yẹn, wọ́n nà án, wọ́n fi bo èdè gbogbo àwọn Akú lórí.

Èyí tó yẹ kó o sọ fún kíláàsì ẹ nìyí o: òyìnbó kan wà nínú àwọn míṣọ́nnárì yẹn gan-an tó kọ̀ jálẹ̀. Koelle ni, ará Jámánì, òun ló kó ọ̀rọ̀ àwọn èdè tó lé lọ́gọ́rùn-ún jọ ní Freetown, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1854. Nínú ibi tó to àwọn ẹ̀yà Akú sí, Yorùbá kàn wà níbẹ̀ bí ọ̀kan lára wọn ni, pẹ̀lú Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó àtàwọn mìíràn. Ó ní kò tọ́ kí wọ́n máa fi orúkọ ẹ̀yà kan pe gbogbo wọn, pé ìtàn ò gbè é, pé tí ọ̀rọ̀ kan bá ti ní ìtumọ̀ méjì báyìí ó máa dá rúgúdù sílẹ̀, pé àwọn ẹ̀yà yòókù ò sì ní gbà láéláé kí wọ́n máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lórí pé a ò ní gbà yẹn, ó ṣì í. Lórí rúgúdù, ó gbà á pátápátá, rúgúdù náà ló dé kíláàsì ẹ yìí.

Ó yá, ká wá bọ́ sínú ìwé ìròyìn fúnra ẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde lédè wa, òun náà ni àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, míṣọ́nnárì CMS tó ń jẹ́ Henry Townsend ló tẹ̀ ẹ́ ní Abẹ́òkúta, December 3, 1859. Ka orúkọ ẹ̀ dáadáa: Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Má kà á kọjá o. Ẹ̀gbá ÀTI Yorùbá. Tó bá jẹ́ ìtumọ̀ tòní la fẹ́ lò, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní lórí ò ní nídìí, torí Ẹ̀gbá wà nínú Yorùbá, kí ni "àti" tún wá ń ṣe níbẹ̀? Ṣùgbọ́n lọ́dún 1859, ó yé ẹni tó ń kà á kedere: ẹ̀yin Ẹ̀gbá tẹ́ ẹ wà nílé níbí, àti ẹ̀yin Ọ̀yọ́ tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn, Ìjàyè, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀, tí Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè tí wọ́n jọ kojú Ìbàdàn, nínú ogun báyìí ẹni tó bá sọ pé Yorùbá ń bọ̀, gbogbo ìlú Abẹ́òkúta mọ ẹni tó ń bọ̀. Títí tí Ìfọ́lé fi dé ní 1867 tí wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde tí ìwé náà sì kú, orúkọ yẹn náà ló ń jẹ́. Nítorí náà tí ọmọ kan bá ní Èkìtì kì í ṣe Yorùbá torí pé bébà àsìkò ogun Kírìjì ya wọ́n sọ́tọ̀, bi í léèrè ṣé Ẹ̀gbá náà kì í ṣe Yorùbá ni? Ṣé Abẹ́òkúta náà ti jáde nílé ni?

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn tó bá bi mí ni pé, wo ìyá kan tó bímọ márùn-ún, tí àkọ́kọ́ ń jẹ́ Bọ́lá, gbogbo àdúgbò á máa pè é ní Ìyá Bọ́lá, ilé á di ilé Ìyá Bọ́lá, kódà wọ́n á máa pe àbúrò Bọ́lá ní ọmọ Ìyá Bọ́lá. Bọ́lá ṣì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bọ́lá tiẹ̀. Tí ẹnì kan bá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Bọ́lá àti Ṣẹ́gun ń jà, kò túmọ̀ sí pé Ṣẹ́gun kì í ṣe ọmọ ilé Ìyá Bọ́lá. Ọ̀yọ́ ni Bọ́lá yẹn. Orúkọ ẹ̀ ló di orúkọ ilé, ọgọ́rùn-ún ọdún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí i kó tó rí bẹ́ẹ̀, láàrin ìgbà náà ìtumọ̀ méjèèjì jọ ń rìn pọ̀ ni, nínú ìwé kan náà, nígbà mìíràn lẹ́nu òǹkọ̀wé kan náà.

Àárín ìgbà náà ni bébà tìẹ bọ́ sí. Èkó ló wá di ojúkò ìwé ìròyìn lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Lagos Times bẹ̀rẹ̀ ní 1880, Lagos Observer ní 1882, Eagle and Lagos Critic ní 1883, àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Freetown padà wálé, àtàwọn ọmọ wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ọ́. Ohun tó ṣòro nínú wọn ni pé wàá ṣí ìwé ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, wàá rí "Yorùbá" lọ́nà bíi mẹ́rin. Tí wọ́n bá ń sọ ìròyìn ogun, tí wọ́n wá fi lẹ́tà s ti Gẹ̀ẹ́sì kún un lẹ́yìn tí wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni wọ́n ń bá wí. Tí wọ́n bá wá kọ ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan òwò tó dá dúró torí ọ̀nà dí, epo tí ò wá, òwú tí ò wá, gbogbo ilẹ̀ òkè ni, láti ẹ̀yìn Èkó títí dé odò Ọya, tiwa náà wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èdè Yorùbá ni, èdè inú Bíbélì àti ìwé àdúrà ni, èyí tí gbogbo ọmọ ilé ìwé míṣọ̀n ń kọ́ yálà Ìjẹ̀bú ni bàbá ẹ̀ o tàbí Oǹdó. Tó bá sì jẹ́ Yoruba Mission, orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ CMS ni, kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀yà ẹnikẹ́ni. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà fúnra wọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣe méjì méjì, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń sọ pé "Yoruba proper", ìyẹn ojúlówó Yorùbá, tí wọ́n bá fẹ́ sọ Ọ̀yọ́ nìkan. Samuel Johnson náà lò ó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá ńlá tó parí ní 1897, tí wọn ò rí tẹ̀ títí di 1921, nínú ìwé yẹn kan náà ni òun fúnra ẹ̀ sì ti ka Èkìtì mọ́ Yorùbá, pẹ̀lú ọba mẹ́rìndínlógún wa. Ibi tó o bá ti rí "proper" yẹn, mọ̀ dájú pé òǹkọ̀wé náà mọ̀ pé Yorùbá mìíràn wà tó gbòòrò ju èyí lọ.

Ìdí tí orúkọ náà fi mú bẹ́ẹ̀ lójú ogun Kírìjì, ó yẹ kó o sọ ọ́ fún wọn láìfi bò. Ìbàdàn ti ń jọba lé Èkìtì lórí, wọ́n fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tó ń ṣàkóso ìlú lórúkọ Ìbàdàn, sí àwọn ìlú wa, ohun tí ojú àwọn èèyàn wa rí lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí ló ní ó tó gẹ́ẹ́, ní 1878 ló pa ajẹ́lẹ̀ ìlú ẹ̀, àwọn ìlú yòókù dìde, Èkìtìparapọ̀ dé, ìyẹn àjọṣepọ̀ ogun àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn, Ògèdèǹgbé wá láti Iléṣà wá ṣáájú ogun. Ìjà náà pẹ́ débi pé wọn ò fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà títí di September 23, 1886, wọn ò sì tú ká pátápátá kúrò lójú ogun títí di 1893. Látòósà tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ìbàdàn kú sójú ogun náà ní 1885 láìrí òpin ẹ̀. Ìwọ fi ara ẹ sí ipò ọmọ Èkìtì tó wà ní bùdó lọ́dún náà, tó ń gbọ́ ìró ìbọn àgbà, kí-rì-jì, kí-rì-jì, ta ni Yorùbá lójú ẹ̀? Ẹni tó wà lódìkejì odò tó fẹ́ kó òun padà sábẹ́ ajẹ́lẹ̀ ni. Ẹ ò lè ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa pe ara ẹ̀ ní Yorùbá nígbà yẹn, kì í ṣe pé ó gbàgbé Ifẹ̀ tí adé ọba ẹ̀ ti wá, ọ̀tá ẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ náà ni.

Ohun kan tún wà tí kò sí ẹni tó kíyè sí i nínú gbogbo àríyànjiyàn tẹ́ ẹ ṣe, mo sì rò pé òun ló máa pa kíláàsì náà lẹ́nu mọ́ jù. "Èkìtì" inú bébà yẹn náà kì í ṣe Èkìtì tòní. Nínú ìwé ìròyìn Èkó ìgbà ogun, tí wọ́n bá kọ àwọn Èkìtì, gbogbo àwọn tó wà nínú Èkìtìparapọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kó sábẹ́ ẹ̀: Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, Ìgbómìnà wà níbẹ̀, Àkókó wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tún wà nílùú Èkó fúnra ẹ̀ tó ń jẹ́ Èkìtìparapọ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ti ẹrú bọ̀ ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ Ìjẹ̀ṣà kó tó fẹ̀ sí i, àwọn ló ń wá owó àti ìbọn ránṣẹ́ sójú ogun, tí wọ́n sì ń rí i pé ohùn àwọn èèyàn wọn dé etí gómìnà. Torí náà bi àwọn ọmọ yẹn léèrè: tí bébà yìí bá jẹ́ ẹ̀rí pé Èkìtì kì í ṣe Yorùbá, ẹ̀rí kan náà ni pé Èkìtì ni Iléṣà. Ṣé wọ́n ṣe tán láti lọ sọ ìyẹn ní Iléṣà? Ẹ ò lè mú ìdajì gbólóhùn kan ní ìtumọ̀ 1880 kẹ́ ẹ wá mú ìdajì tó kù ní ìtumọ̀ òní.

Báwo wá ni orúkọ náà ṣe di ti gbogbo wa? Lẹ́yìn ogun, láàrin 1890 sí 1900, afẹ́fẹ́ yí nílùú Èkó. Àwọn ọ̀mọ̀wé dúdú rí i pé àwọn òyìnbó tí wọ́n ti kọ́ bí wọn ò fẹ́ fún wọn láyè mọ́, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú iṣẹ́ ìjọba, wọ́n wá yíjú sílé. Ọkùnrin kan tó ti ṣe olótùú ìwé ìròyìn rí tó ń jẹ́ David Brown Vincent pa orúkọ dà ní 1894, ó di Mojola Agbebi. Lagos Weekly Record tí John Payne Jackson dá sílẹ̀ ní 1891, ọmọ Liberia ni Jackson o, kì í ṣe ọmọ wa, òun náà wà lára àwọn tó ń jà fún ohun tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Àwọn tó ń kọ̀wé báyìí nílò orúkọ kan tó máa gba gbogbo èèyàn tí wọ́n fẹ́ gbèjà, èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì ti tẹ̀ sára ìwé ni wọ́n mú. Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn onídè Yorùbá wá rọ́ dé, Èkó Akéte ní 1922, Eléti Ọfẹ ní 1923, Yoruba News tí Ọbasá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924, Akéde Èkó ní 1928, "àwa ọmọ Yorùbá" ti di ọ̀rọ̀ tí ń bọ́ lẹ́nu wọn láìronú, gbogbo wa ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ náà, ìtumọ̀ àtijọ́ ò kú lọ́jọ́ kan. Ìyá ìyá mi, tó dàgbà sí Èkìtì láìlọ síbì kankan, tí wọ́n bá ka Bíbélì sí i létí, á ní Yorùbá lẹ fi kà á, ẹ wá fi Èkìtì sọ fún mi. Ulé ló ń jẹ́ lẹ́nu tiẹ̀, "ilé" inú ìwé yẹn, Yorùbá nìyẹn lójú ẹ̀, ìyẹn Ọ̀yọ́. Kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ Odùduwà.

Ohun tí mo fẹ́ràn láti tọ́ka sí ni pé nígbà tí Awólọ́wọ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ dá ẹgbẹ́ tó máa kó gbogbo wa jọ sílẹ̀ ní London ní 1945, tí wọ́n tún wá ṣí i nílé ní Ifẹ̀ ní 1948, Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà ni wọ́n sọ ọ́. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń rántí ajẹ́lẹ̀ nígbà tó bá gbọ́ Yorùbá, kò lè sọ pé Odùduwà kì í ṣe tòun.

Ní báyìí, ká dá ẹjọ́ náà bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ tó ní òyìnbó ló so wá pọ̀, ibi tí wọ́n ti jàre ni pé orúkọ náà bí a ṣe ń lò ó lónìí, ọwọ́ míṣọ̀n àti ìjọba ló ti gba ọ̀nà dé, ìpàdé tí CMS ṣe nílùú Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀ wà lára ẹ̀, ẹ má jiyàn ìyẹn. Ibi tí wọ́n ti jẹ̀bi ni pé wọ́n fi orúkọ àti ìbátan ṣe ohun kan náà. Ìbátan ti wà kí orúkọ tó dé. Àwọn ọba wa ń sọ pé Ifẹ̀ làwọn ti gbé adé wá, àwọn babaláwo wa àti ti Ọ̀yọ́ jọ ń ki odù kan náà, nígbà tí wọ́n sì kó wọn dà sí Freetown láìsí ẹni tó kọ́ wọn, wọ́n gbọ́ra wọn yé. Àti pé àwọn dúdú, Crowther, Johnson, àwọn oníwèé ìròyìn Èkó, ni wọ́n ṣiṣẹ́ jù lórí bí orúkọ yẹn ṣe fẹ̀, òyìnbó kan sì ni Koelle tó ní kí wọ́n má ṣe é. Bàbá tó ní kó o fa bébà ya, ibi tó ti jàre ni pé ọmọ ìyá ni wá. Ibi tó ti jẹ̀bi ni pé ó fẹ́ kí ìtàn sọ pé ọmọ ìyá ò jà rí. A jà, wọ́n kó wa lẹ́rú, àwa náà kó wọn. Tó o bá fi ìyẹn pa mọ́ fún àwọn ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n bá rí bébà mìíràn wọ́n á rò pé gbogbo ohun tó o ti sọ irọ́ ni.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára àwọn bébà yìí mọ. Abẹ́òkúta àti Èkó ni wọ́n ti kọ wọ́n, àwọn tó lọ ilé ìwé ló kọ wọ́n, fún àwọn tó lọ ilé ìwé. Ìròyìn tiwa dé ọ̀dọ̀ wọn látẹnu oníṣòwò, látẹnu òjíṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, látinú lẹ́tà, àwọn tó ń kọ ọ́ sì ní ìhà tí wọ́n ń gbè, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ò lè kọ ọ̀rọ̀ Ìbàdàn bí ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe máa kọ ọ́. Kò sí ìkan nínú wọn tó lè sọ fún ọ ohun tí àgbẹ̀ kan ní oko Ìjerò ń pe ara ẹ̀ ní 1880. Fún ìyẹn, oríkì ìlú, orin, àti ìtàn ààfin ni wàá lọ bá, àwọn yẹn náà sì ní ìhà tí wọ́n ń gbè.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún ẹ. O lè pa ọ̀rọ̀ náà tì kó o máa bá syllabus lọ, àlàáfíà á wà fúngbà díẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ á lọ gba ìdáhùn níbòmíì, lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. O lè sọ fún wọn ní ṣókí pé Yorùbá àtijọ́ túmọ̀ sí Ọ̀yọ́, kó o sì tẹ̀ síwájú, ìyẹn sàn, ṣùgbọ́n kò péye, torí wọ́n á tún pàdé "ilẹ̀ Yorùbá" nínú ìwé ìròyìn ìgbà kan náà, wọ́n á fi Ọ̀yọ́ túmọ̀ ẹ̀, wọ́n á tún ṣìnà. Èyí tí mo fara mọ́ ni kó o jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà, ó gba àkókò o, mi ò ní tàn ẹ́, á jẹ ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Kọ orúkọ ìwé 1859 yẹn sójú pátákó, fi bébà tọmọ yẹn tẹ̀ lé e, kó o wá wá ojú ewé kan látinú ìwé ìròyìn onídè Yorùbá ti 1920 síwájú. Ní ibi gbogbo tí wọ́n bá ti rí "Yorùbá", kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ta ló kọ ọ́, ọdún wo ni, ìlú wo ló ti kọ ọ́, pàápàá jù lọ orúkọ wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí ohun tí wọ́n bá tò ó tì ló máa ń tú àṣírí ẹ̀. Tó bá dá dúró pẹ̀lú ilẹ̀ tàbí èdè, ó sábà máa ń fẹ̀. Tí wọ́n bá tò ó ti Ẹ̀gbá tàbí Èkìtì, ó dín.

Ohun kan ṣì kù tó o ní láti ṣe kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀. Fọ́tòkọ́pì tó o ní yẹn, ojú ewé kan ṣoṣo ni, o ò sì sọ orúkọ ìwé ìròyìn náà àti ọjọ́ tó jáde fún mi, mo fura pé kò sí lórí ẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ibi tó ti rí i. Tó bá jẹ́ inú ìwé ẹlòmíì ni wọ́n ti gé e, wo ìsàlẹ̀ ojú ewé ibẹ̀. Tí kò bá mọ̀, tó o bá ń bọ̀ ní Ìbàdàn nígbà họlidé, mú káàdì iṣẹ́ ẹ dání pẹ̀lú lẹ́tà látọ̀dọ̀ pírínsípà, lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba yẹn, ní kí wọ́n gbé àwọn ìwé ìròyìn Èkó ti 1880 sí 1886 wá fún ẹ, ìròyìn ogun sábà máa ń wà lójú ewé kejì àti ìkẹta. Ka gbogbo ojú ewé náà, kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo yẹn, kó o sì ka ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, torí àwọn tí inú wọn ò dùn sí ìròyìn kan sábà máa ń kọ lẹ́tà wá lọ́sẹ̀ kejì.